Ẹni Tó Gbé Fóònù ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Hikmat kó àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí yàrá àwọn olùkọ́, kí wọ́n lè parí ètò ìrìn àjò wọn. Àwọn mẹ́rìnlá ló fẹ́ lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi tó ń ti orí àpáta já wálẹ̀ ní ìpele méje. Ní Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á kúrò ní Ọ̀fà láàárọ̀, wọ́n á ré ààlà Kwara kọjá sí Ọ̀ṣun, wọ́n á gba Òkukù, Ìkìrun, Òṣogbo àti Iléṣà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti padà sílé.

"Ṣé kì í ṣe Ẹ̀rìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ni?" ni olùkọ́ kan bèèrè. "Ẹ̀rìn-Ilé kọ́? Mo ti ní màá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n jiyàn lórí ẹni tó máa se jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹni tó ní kúlà ńlá. Ọ̀gá Láńrewájú, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn, ló mú ọ̀rọ̀ gidi wá. Òun ti bá àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

"Ẹ má lọ láìní ẹni tó máa mú yín gòkè o. Àpáta yẹn ń yọ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó mọ ọ̀nà dáadáa. Ọlọ́fà ni gbogbo wọn ń pè é, ó ní ọmọ ìlú wa lòun."

Inú Hikmat dùn pé ọmọ ìlú ni. Ó gba nọ́ńbà náà, ó pè é, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ káàsán o. Ṣé Ọlọ́fà nìyẹn?"

"Òun ni, Mà. Ẹ káàsán."

Hikmat sọ iye èèyàn tó ń bọ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n máa dé. Ó ní àwọn kan nínú wọn sanra díẹ̀, ṣé wọ́n á lè gòkè?

"Wọ́n á lè dé ìpele kejì, Mà. Ibẹ̀ náà tó wò. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n mú omi mímu dání, kí wọ́n sì wọ b-b-b-bàtà tí kì í yọ̀."

Hikmat gbé fóònù sún mọ́ etí. Èèyàn kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé tí ọ̀rọ̀ máa ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ geere, tí yóò wá há bí ọ̀rọ̀ bá fi "b" bẹ̀rẹ̀. Rídwàn ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà. Ó sì ti pé ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì tí wọ́n ti sin Rídwàn.

"Bọ̀dá mi?" ló bèèrè.

Ariwo omi nìkan ló ń hó láti ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà sọ jẹ́jẹ́ pé, "Hikmat."

Fóònù já. Nígbà tó tún pè é, wọ́n ti pa á.

Ìgbà tí Hikmat máa mọ ibi tó wà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló bá ara rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Ọ̀gá Láńrewájú ní kí àwọn yòókù jáde, ó sì jókòó tì í. Hikmat sọ fún un pé dẹ́rẹ́bà ni ẹ̀gbọ́n òun, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjìdínlógún ló ń wà láti Ọ̀fà sí Èkó. Lọ́jọ́ kan tó ń bọ̀ wálé, táyà bẹ́ nígbà tí wọ́n kọjá Ìbàdàn, ọkọ̀ gbókìtì, ó sì gbiná. Èèyàn mẹ́ta ló jóná, pẹ̀lú ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà. Inú aṣọ funfun ni wọ́n gbé òkú wálé, wọn ò sì jẹ́ kí ìyá wọn wò ó.

"Bóyá akólòlò mìíràn ni," ni Ọ̀gá Láńrewájú wí.

"Ó pe orúkọ mi, Sà. Ṣé ẹ gbọ́ kí n sọ orúkọ mi fún un?"

Ọkùnrin náà ṣí fìlà lórí. "Olúwa, ṣàánú," ló sọ. "Ẹ má tíì sọ fún Alhaja, ìyá yín. Bí kò bá wá jẹ́ òun, ìyá yẹn á tún ọmọ sin lẹ́ẹ̀kejì. Ní Sátidé yìí, èmi àti ẹ̀yin á lọ. Ká sọ fún gbogbo èèyàn pé a fẹ́ lọ yẹ ọ̀nà wò."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Látìgbà tí mọ́tò Ọ̀gá Láńrewájú ti kúrò ní Ọ̀fà títí tó fi kọjá Iléṣà, Hikmat ń to ohun tó máa sọ sínú. Lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó bèèrè Ọlọ́fà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ nawọ́ sí ìdí igi kan. "Òun nìyẹn. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ò ti bá wa sọ̀rọ̀ mọ́."

Rídwàn ni. Ó ti rù, ó ti dá irùngbọ̀n sí, àpá iná sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí etí rẹ̀ dé ọrùn. Ó rí àbúrò rẹ̀, kò sì sá. Ó kàn dìde dúró bí ẹni tí ọlọ́pàá wá mú.

Gbogbo ohun tí Hikmat ti tò sínú pé òun máa sọ fò lọ. "Ta la sin?" ló sọ.

"Jàmíù."

Ọmọ Òjòkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀fà ni Jàmíù, ọ̀rẹ́ Rídwàn, dẹ́rẹ́bà bíi tirẹ̀. Gbogbo èèyàn ló gbà pé ó ti lọ sí Kùtọnu, torí ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun máa lọ.

"Ìbàdàn ló ti wọkọ̀ mi," ni Rídwàn wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ó fẹ́ wálé lọ dágbére fún ìyá rẹ̀. Oorun ń kùn mí, mo ní kó gba ọkọ̀ wà. Hikmat, mo mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn ti jẹ tán. Mo mọ̀. Mo kàn ní kó máa rọra ni. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde. Mo ń gbọ́ igbe wọn, mo sì sá wọgbó. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ pé wọ́n ti sin mí. Mo ní ó dára b-b-bẹ́ẹ̀."

Hikmat rántí ìyá Jàmíù. Obìnrin náà wà lára àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn nígbà náà. Ó gbé iṣu wá láti Òjòkú, ó jókòó ti Alhaja Asiata, ìyá wọn, ó ní, "Ẹ ṣe ọkàn gírí. Tiyín kú, ẹ mọ ibi tó wà. Tèmi wà láàyè, kò tilẹ̀ pè mí."

Ọwọ́ Hikmat lọ sókè, ó gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí. Kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọn, tí àwọn méjèèjì sì ń sunkún bí ọmọdé, tí àwọn arìnrìn-àjò tó ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè ń yà fún wọn.

Wọ́n dé Ọ̀fà lásìkò ìrun alásárì. Alhaja Asiata wà lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣe àlùwàlá. Ó gbójú sókè. Ó fọ ẹsẹ̀ tó kù tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹni yìí jọ Rídwàn."

"Rídwàn ni, Mọ́mì."

"Kó sọ̀rọ̀."

Rídwàn kúnlẹ̀ sínú omi àlùwàlá. "Mọ́mì, mo b-b-b-bẹ̀ yín."

Ìyá náà kò pariwo. Ó na ọwọ́, ó fi ìka tẹ àpá ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò bóyá ó ti jinná. Ọdọọdún ló máa ń din àkàrà pín fún àwọn ọmọ kéú nítorí ọmọ rẹ̀ tó kú. "Ta ni mo wá ń ṣe sàráà fún?" ló bi wọ́n.

Nígbà tí wọ́n dá a lóhùn, ó káwọ́ lérí. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ lọ sí Òjòkú. Ẹ má jókòó. Ìyá kan wà níbẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́mọ́mù tó kírun sí òkú náà lára bá wọn lọ. Ìyá Jàmíù ń bó ẹ̀gẹ́. Lẹ́mọ́mù fẹ́ sọ̀rọ̀, Rídwàn ní kó jẹ́ kí òun fẹnu ara òun sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti táyà. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ obìnrin náà títí tó fi sọ tán.

"Mo ti ń bínú sí i," ni ìyá Jàmíù wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bínú sí ọmọ mi. Mo ní Kùtọnu dùn mọ́ ọn, ó gbàgbé mi. Mo ti ṣépè fún un lẹ́ẹ̀kan."

Hikmat fẹ́ dì í mú, obìnrin náà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó sọ ọ̀bẹ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó mú gèlè. "Ẹ mú mi lọ síbi tó wà."

Ní itẹ́ òkú ní Ọ̀fà, orúkọ Rídwàn ló wà lára sìmẹ́ǹtì kékeré náà. Ìyá Jàmíù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Kó tó dìde, ó ní kí wọ́n bá òun fọ́ orúkọ yẹn kúrò. Rídwàn fi òkúta gún un títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Lọ́jọ́ Ajé, Rídwàn lọ bá àwọn ọlọ́pàá fúnra rẹ̀. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa yọjú títí wọ́n á fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Nígbà tí ọjọ́ ìrìn àjò pé, ẹlòmíràn ló mú àwọn olùkọ́ gòkè Olúmirin. Hikmat kò lọ. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, ó wò ó fìrí, ó sì pa fóònù dé.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Rídwàn ń lọ sí Òjòkú, ó ń jókòó síta ilé ìyá Jàmíù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, obìnrin náà kò dá a lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní kó wá gbé àpò ẹ̀gẹ́ kan tọ òun lẹ́yìn lọ sí ibi ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́.