Ìránṣẹ́ Ṣọ́ọ̀bù Mẹ́fà

"Fa ikùn rẹ mọ́ra díẹ̀ sí i."

"Mo ti fà á tán, Màmá. Bí mo bá tún fà á, ẹ̀mí ló kù."

Síìpù gáùn funfun náà gun ẹ̀yìn ìyàwó dé ìbàdí, ó dúró síbẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Àlàfo tó kù fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti kọjá, aago méjìlá sì ni ọkọ rẹ̀ yóò máa retí rẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí. Akọ̀wé, ọmọbìnrin tó ń bá Màmá ránṣọ, kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó di síìpù mú.

"Àǹtí, ẹ má fà á mọ́," ni ìyàwó wí, omi sì ti ń dà lójú rẹ̀ tí wọ́n ti kùn láti àárọ̀. "Bó bá ya, mo gbé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pòṣé. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wa lánàá pé gáùn ti wà? Pé ẹ̀rọ yín ti rí i? Àbí ẹ̀rọ ọ̀hún ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ọkọ?"

Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Akọ̀wé ló ń wò. Ogójì ọdún ni Màmá ti lò nídìí maṣíìnì ìránṣọ. Bó bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ iye íǹṣì tó o jẹ́.

"Bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀," ni ó wí. "Kí o yí inú rẹ̀ síta."

Akọ̀wé yí inú gáùn náà síta. Ìwé pélébé kan wà níbẹ̀, wọ́n fi píìnì há a mọ́ aṣọ inú: *Ìbàdí, 28*. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ìbàdí ìyàwó. Aṣọ tó yẹ kó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìrán, wọ́n ti gé e dànù. Kò sí ohun tí a lè tú.

Ìwé pélébé yẹn ni gbogbo aránṣọ tó ń yáni ní gáùn máa ń lò. Bí o bá fún aṣọ pọ̀ tàbí o tú u sílẹ̀, o ní láti kọ ìwọ̀n tuntun, kí o há a sínú rẹ̀. Akọ̀wé ti mọ èyí kó tó mọ̀ ọ́n kà. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, kò wò ó.

Ọdún mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tó ń yá ara wọn ní gáùn ní àdúgbò náà fi jà lórí ẹni tí yóò máa mú ìwé àkọsílẹ̀ gáùn lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá mú un, àwọn yòókù á ní ó ń fi èyí tó dára pamọ́ fún oníbàárà tirẹ̀. Akọ̀wé ló parí ìjà náà. Ó fi oṣù mẹ́jọ kọ́ Páítọ́ǹ, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lórí fóònù rẹ̀, láàárín ìgbà tó bá gé aṣọ tán àti ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kọ ètò kọ̀ǹpútà tó pè ní Ìránṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà kékeré kan. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn. Ìwé àkọsílẹ̀ kan náà ló wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ohun tí ẹnì kan bá kọ sí i, gbogbo wọn á rí i, kò sì sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Bí iná bá lọ ní ibì kan, àwọn yòókù á máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Bí o bá sì béèrè gáùn, Ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò wo inú ìwé, yóò dá ọ lóhùn kí o tó ṣẹ́jú.

Níbi ìdáhùn kíákíá yẹn ni Ìránṣẹ́ ti ṣubú. Ṣọ́ọ̀bù kẹta fún gáùn náà pọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì há ìwé pélébé sínú rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n 34 àtijọ́ ló ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Wọn ò ṣẹ̀. Akọ̀wé ni kò kọ́ Ìránṣẹ́ pé ohun kan ń jẹ́ ìwé inú gáùn.

"Mi ò ní bú ẹ," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. Bó bá rọ̀ báyẹn, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. "Ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá fi ẹkún jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọwọ́ ara mi ni màá fi yọ ẹ̀rọ yẹn. Màá sì sọ fún àwọn márùn-ún tó kù kí wọ́n yọ tiwọn."

Lábẹ́ maṣíìnì kejì, ẹnì kan rọra gbé ìgò epo kalẹ̀. Ẹnjiníà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe káàkiri. Òun ló bá Akọ̀wé so kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ra. Láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn ní maṣíìnì ṣọ́ọ̀bù yìí ń bàjẹ́ ju ti gbogbo ayé lọ.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" ni ó bi Akọ̀wé.

"Mo fẹ́ tún béèrè."

"Ìwé kan náà ló máa wò."

"Kò ní wo ìwé mọ́." Akọ̀wé ti jókòó ti kọ̀ǹpútà. "Kò ní dáhùn rárá, àfi bí ọwọ́ ènìyàn bá fi téèpù kan aṣọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ibi tó ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí Ìránṣẹ́ ka ìwọ̀n, ó pa á dà: kí agogo dún ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo, kí ẹ̀rọ ní *Ẹ fi téèpù wọn ìbàdí gáùn yín nísinsìnyí*, kí ó sì dúró. Ẹ̀rọ yọ lẹ́tà pupa sí i pé àṣìṣe wà; Akọ̀wé ti gbàgbé àmì kan. Ó tún un ṣe. Òógùn jábọ́ láti iwájú orí rẹ̀ sórí bọ́tìnnì, kò nù ún. Ẹnjiníà ti rí obìnrin tó rẹwà rí, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹni tí ìdààmú ń bù kún ẹwà rẹ̀ báyìí. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkìkì bíi maṣíìnì tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́.

"Ó ku nǹkan bíi mélòó?" ni Màmá béèrè.

"Ó ku díẹ̀, Màmá."

"Díẹ̀ ti ẹ̀rọ àbí díẹ̀ ti ènìyàn?"

"Ti ènìyàn, Màmá. Àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pé wọ́n gbà. Mi ò lè fi tipá pa tiwọn dà."

Fóònù dún. Ìyá ṣọ́ọ̀bù kejì ni. "Akọ̀wé, kí lo tún rán sí wa láàárọ̀ yìí?"

Màmá já fóònù gbà. "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ ná, lẹ́yìn náà kí o wá bínú!"

Agogo dún. Gbogbo wọn sún mọ́ kọ̀ǹpútà, títí kan ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Ṣọ́ọ̀bù kejì: ọgbọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù kẹfà: mọ́kàndínlógójì. Kẹta àti kẹrin kò ní òmíràn nílé. Ìyàwó jókòó sórí àpótí, ó fi aṣọ àwọ̀sùn bo ara, ó ń gbàdúrà láìyọ ohùn.

Ṣọ́ọ̀bù karùn-ún dáhùn gbẹ̀yìn: *Ìwé wa sọ pé 32. Téèpù sọ pé 35. A tú u sílẹ̀ lóṣù tó kọjá, a gbàgbé láti kọ ọ́.*

"Yéè!" Akọ̀wé fò dìde. "Bó bá jẹ́ pé ìwé nìkan ni mo wò, a ò bá tí rí i láéláé!"

Ẹnjiníà ti wà lórí alùpùpù rẹ̀ kí Akọ̀wé tó sọ̀rọ̀ tán. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ó dé, ó gbé gáùn náà lé apá méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó ní epo kàn án. Màmá yí inú rẹ̀ síta, ó wọn ìbàdí fúnra rẹ̀, ó mi orí pé ó dára. Síìpù náà gòkè geerege. Etí ìsàlẹ̀ gùn jù. Màmá kúnlẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ ká a sókè yíká, eékún rẹ̀ ń ró bí ó ti ń yí.

"Ó fi íǹṣì kan gbà mí ju bó ṣe yẹ lọ," ni ìyàwó wí níwájú dígí.

"Íǹṣì ẹ̀rín nìyẹn," ni Màmá dáhùn. "O ò mọ bí wàá ṣe rẹ́rìn-ín tó lónìí."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó fọwọ́ kan Akọ̀wé lápá. "Ẹ má bínú sí ẹnu mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí." Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n jáde.

Akọ̀wé padà sídìí kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ gáùn àkọ́kọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ: *Àṣìṣe tèmi ni. Mi ò wo ìwé inú gáùn, mi ò sì kọ́ Ìránṣẹ́ láti béèrè rẹ̀.* Ó fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ẹnjiníà tẹ̀ síwájú, ó ń kà á lẹ́yìn rẹ̀. "O mọ̀ pé kò ṣeé pa rẹ́? Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa kà á. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ náà á kà á."

"Kí ó kà á. Kí ó mọ irú ìyá tó bí i."

"Á fẹ́ mọ irú bàbá náà," ni ó wí, ó sì yára bojú wo ìgò epo.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, kò yíjú padà. Ó na ìka láti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́.

"Dúró." Màmá ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó fi awò sójú, ó ka ìlà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. "Kò tíì tán. Fi orúkọ tèmi náà sí i."

"Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin..."

"Ta ló gba gáùn yẹn lọ́wọ́ wọn láàárọ̀? Ogójì ọdún nídìí iṣẹ́, mi ò yí inú rẹ̀ síta wò, torí ẹ̀rọ rẹ ti tẹ́ mi lọ́rùn jù. Kọ ọ́."

Akọ̀wé kọ ọ́. Ó fi orúkọ Màmá ṣíwájú tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbà, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.