Dàbínù Òdìkejì Odò

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ṣọ́jà Àljíríà dá fún wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ Mòrókò kankan ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sí oko dàbínù òdìkejì odò gbígbẹ tó jẹ́ ààlà ilẹ̀ méjèèjì. Ìjọba méjèèjì ti ń bára wọn ṣọ̀tá tipẹ́. Wọ́n ti ẹnubodè pa, wọ́n lé aṣojú ara wọn lọ, kò sì dun ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì. Nígbà tí ìjà wọn máa balẹ̀, oko Mímúnì ló balẹ̀ sí.

Bàbá tó bí Mímúnì ló gbin igi ibẹ̀, láyé tí wọn kì í béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ bomi rin oko rẹ̀. Irú dàbínù náà ṣọ̀wọ́n. Yamínà ọmọ Mímúnì ti ń bẹ bàbá rẹ̀ láti àárọ̀ pé kí wọ́n wú àwọn ọmọ igi tó yọ nídìí ìyá wọn, kí wọ́n kó wọn lọ gbìn sílé. Ó ti mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ọkọ́ dání.

“Màá wú wọn,” ni Mímúnì wí. “Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún àwọn ìyàwó lọ́kọ ná.”

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn tí dàbínù bá tanná. Èèyàn ló ń gun abo igi lọ, tí í ki òdòdó akọ bọ àárín tirẹ̀, tí í dì í pọ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, èso rẹ̀ ò ní ṣeé jẹ. Láti kékeré ni Mímúnì ti ń ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ ò bi í léèrè mọ́.

“Bàbá, ta ló máa ká a?” Yamínà béèrè láti ìsàlẹ̀.

“Wọ́n ti tanná.”

“Mo ní ta ló máa ká a?”

“Ṣé kí n wá máa wò wọ́n níran ni?”

Ó ń tinú igi kan bọ́ sí òmíràn. Yamínà gbìyànjú láti dá wú àwọn ọmọ igi, àmọ́ kò mọ ibi tí wọ́n ti ń gé wọn lára ìyá. Méjì tó fà yọ, láìní gbòǹgbò ni.

Ṣọ́jà kan dé. “Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀.”

“Ó ku ẹyọ kan, ti ẹ̀gbẹ́ kànga yẹn, ọmọ mi.”

Ṣọ́jà náà dúró dè é. Nígbà tí Mímúnì sọ̀kalẹ̀, ṣọ́jà náà sìn wọ́n dé etí odò, kò jẹ́ kí wọ́n padà fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mímúnì ò sunkún, kò ṣépè. Ó délé, ó jẹun, ó sùn. Tí wọ́n bá kí i kú àdánù, á ní, “A dúpẹ́.” Kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan lára.

Nígbà ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀lé e, Yamínà ra dàbínù lọ́jà tí wọ́n máa fi ṣínu. Ẹni tó tà á ò sọ ibi tó ti rí i. Ẹnubodè tí wọ́n tì pa, ọjà ṣì ń yọ́ gbabẹ̀ kọjá.

Mímúnì fi ọ̀kan sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́.

“Igi ẹ̀gbẹ́ kànga nìyí,” ó wí.

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Èmi ni mo fún un lọ́kọ.”

Omi lé sí Yamínà lójú. Ó ṣa kóró tó wà nínú àwo jọ. “Ẹ jẹ́ ká gbìn ín nígbà náà, Bàbá.”

“Kóró ẹ̀ ò lè hu irú ìyá ẹ̀. Àfi ọmọ ìdí ẹ̀.”

Ó nawọ́ mú òmíràn.

“O sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn,” ó wí, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ.