Ọwọ́ Òsì Ìyá Ìbejì

Ẹ má bá mi jiyàn, kò sẹ́ni tó mọ ìbuwọ́lù ìyàwó mi bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mò ń ṣe. Lẹ́tà tí ojú mi bá ti rí, ọwọ́ mi ti gbà á nìyẹn.

Oṣù márùn-ún ni Ìyá Ìbejì fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń gba ìbuwọ́lù sínú ìwé ìbéèrè kan tí àwọn ará ìlú kọ sí ìjọba. Wọ́n fẹ́ kí òfin fi gbèdéke sí iye tí ẹnì kan lè fún ẹni tó ń dupò, kí olówó má baà máa ra aṣòfin bí ẹni ra bàtà. Èmi ò dá sí i. Pátákó ìpolongo ìbò táwọn olówó yẹn ń gbé fún mi kọ ló ń gbọ́ bùkátà ilé wa, mo sì sọ fún un pé kò níṣẹ́ ṣe. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ó ti gba ti ẹgbẹ̀ta èèyàn ó lé mẹ́rin kí rọpárọsẹ̀ tó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Tirẹ̀ ló kù. Ó ti ní òun á kẹ́yìn, bí ìyá tó bu oúnjẹ fún gbogbo ilé kó tó bu tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìbuwọ́lù tí kò bá bá ti inú ìwé olùdìbò mu, àwọn elétò ìdìbò á fagi lé e ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó sùn, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo mú bírò, mo bá a buwọ́ lù ú. Ó gún régé.

Nígbà tó jí, ó wò ó títí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Mo rò pé ayọ̀ ni.

"Bàbá Ìbejì, ó dáa ju tèmi lọ. Àmọ́ torí pé àwọn kan ń fi owó sọ̀rọ̀ lórúkọ wa ni mo ṣe rìn títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ẹ̀yin náà wá sọ̀rọ̀ lórúkọ mi, ẹ ò tiẹ̀ jí mi."

Ojú tì mí, inú sì bí mi.

"Kí lo wá fẹ́ ká ṣe? Ọwọ́ tí ò lè di ṣíbí mú!"

"Mo ní òmíràn."

Mo fagi lé ayédèrú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára pátákó fún un, tó ń fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ rẹ̀.

"Ọ̀nà kọ́ nìyẹn!"

"Ẹ rọra o. Èmi kì í ṣe pátákó."

Ní ọ́fíìsì ètò ìdìbò, akọ̀wé fún un ní fọ́ọ̀mù tí aláìsàn fi ń pa ìbuwọ́lù dà. Ó buwọ́ lù ú, ó tún buwọ́ lu ìwé ìbéèrè. Méjèèjì wọ́, àmọ́ wọ́n bára mu. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn débi pé àyà dùn mí.

"Bàbá ńkọ́, wọn ò ní buwọ́ lù ú?" akọ̀wé bi í.

"Ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu. Iṣẹ́ wọn ni kò jẹ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo gba bírò.

"Wọn ò ní í gbé pátákó wá fún yín mọ́ o," Ìyá Ìbejì sọ.

"Mo mọ̀."

Mo buwọ́ lù ú. Akọ̀wé ṣí ìwé olùdìbò, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún, ó mi orí.

"Bàbá, èyí ò bá tinú ìwé mu. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ẹ tún un kọ."

Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ mi mú, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, olólùfẹ́ mi," ó ní. "Mi ò lè bá yín kọ ọ́."