Ohun Tí Mari Sọ fún Awakọ̀ Òkun

Ilé bàbá Ìbídùn ní Ìṣẹ́yìn ni, kò sí àní-àní. Ògiri alámọ̀ náà nìyẹn, ìkòkò omi náà nìyẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n òkun ni fèrèsé kọjú sí, òkun Wales tó tutù, tó dúdú bí aró, tí ẹyẹ funfun ń ké lórí rẹ̀. Ta ló gbọ́ òkun rí ní Ìṣẹ́yìn? Ó yẹ kó ya Ìbídùn lẹ́nu, kò yà á. Àga gbọọrọ tó wà láàárín yàrá ló yà á lẹ́nu, àti Màmá Olwen tó dúró tì í, tí wọ́n ń fọwọ́ gbá ìrọ̀rí kó lè rọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà ayé wọn.

Màmá Olwen ti kú nígbà òtútù. Ìyá òyìnbó ará Wales ni wọ́n, opó, ìwé ìtàn ìfẹ́ sì ni iṣẹ́ wọn. Ẹ má rò pé ìwé mẹ́ta mẹ́rin ni mo ń wí o! Ìwé wọn kún ògiri yàrá kan dé àjà. Wọn ò sì fọwọ́ kọ ọ̀kankan. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á na gbalaja sórí àga, wọ́n á dijú, ìtàn á sì máa jáde lẹ́nu wọn. Ìbídùn ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ní Wales, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún un: má fi kún un, má yọ kúrò. Ìbídùn, ọmọ tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé kó má já àgbà lẹ́nu, gba òfin náà tọkàntọkàn. Nígbà kan tí Màmá ní, "Ti ilẹ̀kùn yẹn, òtútù ń mú ológbò," ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ìtàn, níbi tí ọkùnrin kan ti ń fẹnu ko olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe jáde! Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìwé tó gbẹ̀yìn ló wá di wàhálà. Awakọ̀ òkun kan ti pẹ́ lẹ́yìn odi, ó padà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà obìnrin kan tó ń jẹ́ Mari, ó ní, "Ṣé wàá fẹ́ mi?" Ibẹ̀ ni Màmá dé tí wọ́n ní ó rẹ àwọn, ó di ọ̀la. Ọ̀la ò dé fún wọn. Àwọn atẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí Ìbídùn parí rẹ̀ ní ohùn Màmá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á gbé e fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ká a lára. Kí ẹni tí kò rí Màmá sójú rí wá máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn? Ó jókòó, ó tẹ̀, ó pa á rẹ́. Bó bá ti fẹ́ sọ ọ́ bíi Màmá, ńṣe ló máa ń dún bí ẹni tó ń sín wọn jẹ. Ẹkún ló sun sùn, ó sì bá ara rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, níwájú Màmá.

"Ẹ káàbọ̀, Mà," Ìbídùn kúnlẹ̀, ó sì kọrí sídìí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Níbo lò ń lọ? Wá dùbúlẹ̀." Yorùbá ni Màmá ń sọ, Yorùbá Ìṣẹ́yìn ketekete, bí ẹni tí wọ́n bí ládùúgbò.

"Háà, Mà! Èmi kẹ̀? Lórí àga yín?"

"Àga ni, kì í ṣe ìtẹ́ ọba. Bọ́ bàtà."

Ó dùbúlẹ̀. Màmá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n na ìka méjì bí adìẹ tó fẹ́ ṣa àgbàdo.

"Ó yá. Ọkùnrin yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni Mari sọ fún un?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́, kí n gbé e fún wọn."

"Èmi ti kú, Ìbídùn." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé tíì ti tutù. "Ohùn mi, mo gbé e lọ. Má wá a kiri mọ́. Kí ni obìnrin náà sọ?"

Ìbídùn dijú. Òkun ń mí lẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Kò dá a lóhùn, Mà. Ó ní kó wọlé ná, kó fọwọ́, kó jẹun. Bó bá yó tán, kó wá sọ ibi tó wà láti ìgbà tí òun ti ń wojú ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni òun á mọ̀ bóyá òun á fẹ́ ẹ."

Nínú gbogbo ìwé Màmá, kò sí obìnrin tí wọ́n bi ní irú ìbéèrè yẹn tí kò tẹkún-tẹkún sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń retí ìbáwí. Ńṣe ni Màmá ń tẹ̀ ẹ́, tí ìka wọn ń dún kò, kò, kò, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Ó tán?"

"Kò tíì tán, Mà."

"Máa wí. Mò ń gbọ́."

Ìbídùn jí. Ilẹ̀ ti mọ́, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, àárò ìyá náà sì sọ ọ́ bíi pé òní ni wọ́n kú. Ó sunkún dáadáa. Ọ̀rọ̀ ló ti ń tọrọ lọ́wọ́ wọn látìgbà tí wọ́n ti lọ. Etí ni Màmá gbé wá fún un.

Fóònù dún. Obìnrin atẹ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù ni. "Ìbídùn, ṣé ó ti wá dún bíi tiwọn?"

"Rárá o. Kò ní dún bíi tiwọn láéláé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ bíi tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ fi Mari sílẹ̀ fún mi."

Ìbídùn gbọ́ tí obìnrin náà fa àga, tó jókòó.

"Ó dáa," ló wí. "Kí ni Mari sọ fún un?"