Awọ Orogún

Orogún kì í ṣe èèyàn. Sípíkà àtijọ́ oníhóònù ni, ó ga ju ọmọ ilé ìwé lọ, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ bí agbọ̀n ńlá. Ìyá, kó tó di olóògbé, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó rí i pé ọkọ òun ń nu hóònù yìí lójoojúmọ́ ju bó ṣe ń wo ojú òun lọ. Ó ní òun ò ní bá a jà, kó ṣáà ti má bímọ.

Ilé sinimá kan tí wọ́n ti wó ni Orogún ti wá. Bàbá ló ń tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Ìyá ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ló sì ń fi máìkì pe àwọn èrò kí sinimá tó bẹ̀rẹ̀: “Ẹ jókòó o, iná fẹ́ kú.” Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ṣì wà. Nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, kó tó la ẹnu, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ á kan máìkì, á dún ṣín. Ohùn kékeré yẹn ni Bàbá fi ń dán etí rẹ̀ wò láràárọ̀. Etí òsì rẹ̀ ti kú tipẹ́. Tó bá ti fi etí ọ̀tún gbọ́ ṣín yẹn, á ní, “Etí ò tíì kú,” á sì dìde lọ fọ ẹnu.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni Bàbá ń pè é láti kékeré, torí kì í fi ọwọ́ líle mú nǹkan. Ọwọ́ Bàbá fúnra rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí mọ́. Ọmọ á tú hóònù tó ti dípẹtà, á fi sáńpépà ha á, á kùn ún lọ́dà, á fi aṣọ àti sípíríìtì yọ ìdọ̀tí ọdún gbọ́nhan tó há sínú rẹ̀. Tó bá parí, Bàbá á wá jókòó, á kọ etí ọ̀tún sí i. Nǹkan kan kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn títí Bàbá á fi mi orí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí bàbá àtọmọ ṣe ń jẹun nìyẹn.

Òfin kan wà tí Bàbá kì í fi ṣeré. Tí wọ́n bá ti ṣí ìdí hóònù, tí irin òòfà inú rẹ̀ wà níta, súkúdíráfà irin ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ti idẹ ni kí wọ́n mú. Òòfà àwọn sípíkà àtijọ́ lágbára, ó lè já irin gbà lọ́wọ́ ẹni, bẹ́ẹ̀ orí òòfà náà gan-an ni awọ tó ń sọ̀rọ̀ jókòó sí. Awọ ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é, àmọ́ alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò nípọn ju bébà dídán inú páálí sìgá lọ. Tó bá ti ya, ó parí. Àwọn tó ń ṣe é ti kógbá sílé kí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ tó mọ ìrìn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀, Bàbá lọ gẹ irun. Tíṣà oníjó kan, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn èèyàn níjó nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn títì, ti gbé hóònù méjì wá fún àtúnṣe, irú Orogún gẹ́lẹ́. Ó fẹ́ gba ọ̀kan lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Iṣẹ́ ti parí lórí èyí, ó ku kí wọ́n dé ìdí rẹ̀ padà. Súkúdíráfà idẹ wà lórí tábìlì kejì, ti irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí náà ni. Ìkánjú ò jẹ́ kó na apá. Òòfà já irin gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi gún awọ náà láàárín gbùngbùn.

Ó wo ihò náà títí, bí ẹni tó rò pé tí òun bá wò ó pẹ́, á dí. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, níbi tí Orogún wà.

Ohun tó yẹ kó ṣe ò ṣòro láti mọ̀. Kó dúró de Tíṣà, kó ní òun ba nǹkan rẹ̀ jẹ́, kó gba èébú tó bá tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n orúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ò tíì bàjẹ́ rí láti ayé Bàbá, kò sì fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ òun ni yóò ti bàjẹ́. Ó tú Orogún, ó yọ awọ rẹ̀, ó fi í sínú hóònù Tíṣà. Ó mú awọ òde òní kan nínú dúrọ́ọ̀, èyí tó nípọn tó sì le, ó fi dí ìdí Orogún. Ó tan ẹ̀rọ, Orogún sọ̀rọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á wá awọ gidi rà kí ẹnikẹ́ni tó fura, pé etí àgbàlagbà ṣáà ni, kí ló tún fẹ́ gbọ́? Amòòkùn jalè, bí ọba ayé ò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́. Àmọ́ tọ̀run náà ò sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án yẹn.

Bàbá dé pẹ̀lú orí tó ń dán. Ó jókòó síwájú hóònù Tíṣà, ó kọ etí sí i, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Èyí dáa gan-an,” ló wí. “Ó jọ ohùn Orogún.”

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní, “Ẹ ṣé, Bàbá,” ó sì yára gbé hóònù náà jáde bí ẹni pé iná ń jó o lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Ìyá ní kí wọ́n jókòó, iná fẹ́ kú. Bàbá dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìyá tún ní kí wọ́n jókòó. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ṣín ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ò sí, torí awọ tó nípọn yẹn ò lè gbé ohùn tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Bàbá fi ìka ro etí ọ̀tún, ó sún àga mọ́ Orogún, ó tún gbọ́ ọ. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife omi Bàbá lọ́wọ́.

“Ṣé o gbọ́ ẹ̀gbà ìyá rẹ?” Bàbá bi í.

Tó bá ní òun ò gbọ́, Bàbá á ní kí wọ́n ṣí ìdí Orogún wò.

“Mo gbọ́ ọ, Bàbá.”

Bàbá mi orí. “Ó ti kú nìyẹn,” ló wí, ó ń fọwọ́ kan etí rẹ̀. Kò dé ọkàn rẹ̀ rárá pé kó fura sí hóònù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún Orogún ṣe, ó sì ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé láti ọ̀pọ̀ ọdún wá pé hóònù kì í purọ́, etí èèyàn ló ń purọ́. Ọmọ rẹ̀ tó bí sì ní òun gbọ́ ọ. Ẹ̀rí wo ló tún ń wá?

Bó ṣe gbà pé òun ti dití, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dití lóòótọ́. Wọ́n á kí i, kò ní dáhùn, torí kò retí láti gbọ́. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí i bí ẹni ń lé adìyẹ, òun á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ fún wọn. Ó ṣíwọ́ àtimáa wá sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ gbé iṣẹ́ kan tó parí wá sí pálọ̀ fún un, ó fi ọwọ́ tì í padà.

“Etí tìẹ la ó máa lò báyìí,” ló sọ. “Ohun tó o bá ti gbọ́, èmi náà gbọ́ ọ nìyẹn.”

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ lọ jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún, ojú sì tún ń tì í pé òun ń sunkún. Kò sí ibi tí kò wá awọ gidi dé. Ó pe àwọn oníṣẹ́ tó mọ̀ àtàwọn tí kò mọ̀. Ọ̀kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní tó bá rí méjì, kó bá òun mú ọ̀kan. Ó ń dá oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ padà sínú ìkòkò. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé nílùú mìíràn, wá pè é lórí fóònù.

“Bàbá ò lè máa dá sun ilé yẹn mọ́,” ẹ̀gbọ́n sọ. “Ìwọ ń padà sílé ọkọ rẹ lálaalẹ́. Tí olè bá ń jálẹ̀kùn ńkọ́? Ta ló máa gbọ́? Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, màá mú wọn wá sọ́dọ̀ mi.”

“Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀.”

“Sùúrù kí ni? Ṣé etí wọn máa hù padà ni?”

Bàbá ò tiẹ̀ jiyàn. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí jẹ́jẹ́, ó ń wo ògiri ilé tó ti gbé láti ìgbà tó ti gbé ìyàwó. Nígbà tó kan kásẹ́ẹ̀tì, ó fi áńkáṣíìfù wé e, kò sì kó o mọ́ ẹrù. Ó gbé e lé orí Orogún.

“Ìwọ ni kó o máa tọ́jú àwọn méjèèjì,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀. “Kí ni adití fẹ́ fi wọ́n ṣe? Má ta Orogún o. Ìyá rẹ wà nínú ẹ̀.”

Ibẹ̀ ni ara Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ò ti gbà á mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó mú súkúdíráfà idẹ, ó gba gbọ̀ngàn Tíṣà lọ. Wọ́n ń jó lọ́wọ́, hóònù náà sì ń sọ̀rọ̀ kedere láti igun gbọ̀ngàn. Ó dúró títí orin fi tán.

“Tíṣà, mo fẹ́ yọ nǹkan kan nínú hóònù yín.”

“Kí ló ṣe é? Kò tíì dáa tó báyìí rí.”

“Awọ tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe tiyín, sà. Mo fi irin gún tiyín ya. Ti bàbá mi ni mo fi rọ́pò.”

Tíṣà pa ẹ̀rọ. Àwọn tó ń jó dúró, wọ́n gbé ọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ń gbọ́.

“Ṣé Bàbá mọ̀?”

“Rárá, sà.”

“Ìyẹn ni pé o ba tèmi jẹ́, o ò sọ fún mi. O jí ti bàbá rẹ, o ò sọ fún un. Àwa méjèèjì wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Tíṣà nawọ́ sí hóònù náà. “Yọ ọ́,” ló wí. “Èyí tó kù ní ṣọ́ọ̀bù yín, má fọwọ́ kàn án mọ́. Màá wá gbé e, màá wá ẹlòmíràn.”

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó tú ìdí hóònù náà. Ó yọ awọ náà, ó sì jáde.

Láàárọ̀ Sátidé, kí Bàbá tó jáde nínú balùwẹ̀, awọ Orogún ti padà sáyè rẹ̀. Bàbá wọlé, ó ti wọṣọ ìrìnnà, ó dé fìlà, ó jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú àpótí lẹ́sẹ̀. Ojú fèrèsé ló ń wò. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ tú kásẹ́ẹ̀tì kúrò nínú áńkáṣíìfù, ó tẹ̀ ẹ́.

Ṣín.

Ọwọ́ Bàbá tó ń di bọ́tìnì dúró.

“Tún un tẹ̀.”

Ṣín. “Ẹ jókòó o, iná fẹ́ kú.”

Omi lé ròrò sójú Bàbá, ẹ̀rín sì gba ẹnu rẹ̀ kan. Ọkàn Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ tún sọ fún un pé kó dákẹ́. Bàbá á pè é níṣẹ́ ìyanu, wọ́n á jọ yọ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ni Bàbá, ó mọ̀ pé ohun tó ti bàjẹ́ kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rín náà rọra kúrò. Ó yíjú kúrò lára Orogún, ó wo ọmọ rẹ̀.

“Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀, kí lo ṣe?”

Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Kò pariwo bí gbogbo èèyàn ṣe ń pariwo sí i. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, láti orí súkúdíráfà irin títí dé gbọ̀ngàn Tíṣà, Bàbá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Mo bi ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn,” Bàbá wí. “Mo ní ṣé o gbọ́ ọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“O ní o gbọ́ ọ.”

Ó ń ká áńkáṣíìfù náà lọ́wọ́.

“Awọ kọ́ ló ń dùn mí. Awọ ti ya lọ́wọ́ èmi náà rí. Mo ti sin ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan. O jẹ́ kí n sin ín lẹ́ẹ̀kejì, o sì dúró tì mí, o gbé omi lọ́wọ́.”

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ fẹ́ bẹ̀bẹ̀, àmọ́ kò mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Bàbá ló kọ́kọ́ gbé orí sókè.

“Mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn. Ó ti ń já kòtò iwájú títì.”

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ náà tó gbọ́ ọ.

“Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀, Bàbá.”

“Rárá. Ìwọ ni wàá lọ sọ fún un. Má lọ máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu géètì o. Sọ ọ́ sókè, kí n máa gbọ́ ọ láti orí àga mi.”

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá na ọwọ́, ó pa kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń yí, kí ohùn Ìyá má baà bo ti ọmọ.