Etí Erin Màmá

Ọkọ Ìyá Olódòdó kì í ṣe èèyàn burúkú, àfi pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀. Aya rẹ̀ kàn ní òun fẹ́ fọ ìkòkò òdòdó méjì tó wà lójú fèrèsé ni, kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, baba ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, orúkọ tí aya rẹ̀ kọ sí wọn lára sì ti bá omi lọ. Ó ní òun rò pé ìdọ̀tí ni.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kí á ya ewéko sí ìdílé-ìdílé gan-an ni obìnrin yìí ń ṣe jẹun nínú ọgbà. Ọmọ ewéko etí erin Màmá, ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé, ló wà nínú ìkòkò kan, ìbátan rẹ̀ ló wà nínú èkejì. Ní kékeré, wọ́n jọra bí ìmumu: ewé kíki tí omi kún inú rẹ̀, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ létí, àmì funfun tó-tò-tó. Bí ti Màmá bá dàgbà, àmì rẹ̀ á parẹ́, á sì yọ òdòdó yẹ́lò. Àmì ti ìbátan rẹ̀ kì í lọ, òdòdó pupa ló sì ń yọ. Wàyí o, ọmọdé ṣì ni àwọn méjèèjì, àbúrò Ìyá Olódòdó obìnrin sì ń bọ̀ lọ́la láti wá mú ti Màmá lọ sí ìlú òkèèrè tó ń gbé.

Ìyẹn gan-an ló ń dun Ìyá Olódòdó. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, àbúrò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ wálé mọ́. Ẹ̀rù ń ba ẹ̀gbọ́n pé bí àbúrò bá ti mú ewéko yìí lọ, ó parí nìyẹn.

Àbúrò dé, ó dúró ti fèrèsé.

“Àǹtí mi, èwo ni ti Màmá?”

Kò sóhun tó ní kí Ìyá Olódòdó má nawọ́ sí èyí tó bá wù ú. Ta ni yóò bá a jiyàn? Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ irọ́.

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ mọ orúkọ gbogbo koríko?”

“Bi ọkọ mi. Òun ló wẹ̀ wọ́n.”

Baba gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Àbúrò rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. “Àwa ńkọ́? Ṣé Màmá dá wa mọ̀ tí a bá kọ̀yìn sí wọn? Ẹ̀yin ni wọ́n á pè, èmi ni mo máa ń dáhùn. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òdòdó á sọ fún wa.”

Ló bá di pé wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù.

“Àmì tiyín ńkọ́, Àǹtí mi?”

“Ó ṣì wà ńbẹ̀.”

Irọ́ ni. Àmì náà ti ń parẹ́ tipẹ́, kò kàn fẹ́ kí ìpè náà dópin ni.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò pè. “Tèmi ti yọ òdòdó o. Pupa ni.”

“Ọ̀dọ̀ mi ni ti Màmá wà nìyẹn. Màá fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ.”

“Ẹ má fi ránṣẹ́. Mò ń bọ̀ wá mú un fúnra mi lóṣù tó ń bọ̀. Yàrá Màmá ni màá sùn.”

Ìyá Olódòdó gbé fóònù sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe ọkọ rẹ̀, ó ní kó gbé ọṣẹ wá sí yàrá Màmá, kó fọ gbogbo ohun tó bá rí níbẹ̀.