Ẹsẹ̀ Tí Ayùn Ò Rí Gé

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí ogun wọ ìlú náà, dókítà tí wọ́n ń pè ní Oníwọ̀n gé ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá lọ́jọ́ kan kí oòrùn tó kan àtàrí. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sọ di ilé ìwòsàn. Orí tábìlì olùkọ́ ni wọ́n ń tẹ́ àwọn ṣójà sí. Ìṣirò tí àwọn ọmọ ṣe kù ṣì wà lára pátákó, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta bò ó. Oògùn tó ń múni sùn ti tán. Ọkùnrin mẹ́rin ní í di èèyàn mú, wọ́n á ti awọ bàtà bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má baà gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Bí ayùn bá dé eegun, igbe á yí padà, kò ní í jọ igbe èèyàn mọ́.

Ọ̀gá wọn, àgbà dókítà tó ti rí ogun mẹ́ta, ni àwọn ṣójà sọ ní Ayùn-ò-gbẹ̀bẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní: itan tó bá ti ṣẹ́, gígé ni. "Ẹni tó bá ń kẹ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, òkú ló ń kẹ́." Kò parọ́, torí àwọn tí wọn ò gé ń kú. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gé náà ń kú.

Oníwọ̀n fẹ́ mọ ohun tó ń pa wọ́n gan-an. Ó mú okùn, ó ń fi wọn ẹsẹ̀ òkú. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn ṣójà ní télọ̀ ọ̀run ni, ó fẹ́ rán ṣòkòtò fún wọn. Ohun tó rí ni pé ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kì í gùn tó èkejì. Ẹran itan lágbára. Bí eegun bá ti ṣẹ́, ẹran á fà á sókè, ojú eegun méjèèjì á kọjá ara wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé onítọ̀hún mì lójú ọ̀nà, ṣe ni eegun náà ń gún ẹran itan bí ọ̀bẹ.

"Ọta ìbọn kọ́ ló ń parí wọn," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Eegun wọn ni. Ká ní mo rí nǹkan tó lè fà á, kó sì dì í mú."

"Ẹ ò ṣe lọ bá ẹ̀gbọ́n mi?"

Alágbẹ̀dẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ló ti ń fín ẹwìrì. Oníwọ̀n ṣàlàyé fún un: irin gígùn méjì, òrùka tí yóò tì sí ìdí itan lókè, ìdè tí wọn yóò fi fa kókósẹ̀ nísàlẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ wò ó títí. "Àna mi, àkàbà ni ẹ fẹ́ kí n ṣe fún ẹsẹ̀ kan ṣoṣo?" Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti rọ ọ́, ó sì ti fi awọ rírọ̀ wé òrùka rẹ̀.

Ṣójà kan tó ń ṣe káfíńtà kí ogun tó dé ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí. Ní ọjọ́ kejì ó ń jẹun, ó ń béèrè ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Ayùn-ò-gbẹ̀bẹ̀ já wọ yàrá, ó tú irin náà, ó gé ẹsẹ̀ ọ̀hún. Káfíńtà kú sórí tábìlì.

"Ara rẹ̀ ti ń yá o!" Oníwọ̀n pariwo. "Ẹ ti pa á!"

Ọ̀gá gbá a létí. Oníwọ̀n dá ẹ̀ṣẹ́ padà, eyín ọ̀gá méjì fò jáde. Wọ́n là wọ́n. Ọ̀gá tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó ju irin náà gba ojú fèrèsé síta. "Ẹni tó bá tún gbé e wọ ibí, n ó ní kí wọ́n yìnbọn fún un."

Ọjọ́ kẹrin sí ìgbà náà, ní ọ̀sán gangan, bọ́ǹbù bọ́ lé ilé alágbẹ̀dẹ. Tọkọtaya náà sáré dé ibẹ̀, wọ́n bá a lábẹ́ igi àjà, itan rẹ̀ ti ṣẹ́, eegun yọ funfun.

"Àbúrò mi," ó ní, "má jẹ́ kí ẹni yẹn fi ayùn kàn mí."

Irin kejì tó ń rọ lọ́wọ́ wà nínú àwókù. Oníwọ̀n ti òrùka náà bọ itan. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ ti òkúta, ó di kókósẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó sì fà á.

"Yéè! Mo ti mọ̀ pé o ṣì ń bínú ìgbájú tí mo gbá ẹ ní kékeré!"

"Ẹ pa ẹnu yín mọ́!" Ó ń sunkún, ó ń fà á. Eegun dún gbàù, ó wọlé. Alágbẹ̀dẹ dákú. Oníwọ̀n fi okùn wọn ẹsẹ̀ méjèèjì: ọgbọọgba.

Wọn ò tíì tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa ní ilé ìwòsàn tí Ayùn-ò-gbẹ̀bẹ̀ fi dé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin, ayùn lọ́wọ́. Obìnrin náà ti gbé ọmọ owú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ̀ láti inú àwókù. Ó dúró níwájú ibùsùn.

"Ẹ sún mọ́ ọn wò."

Ẹni àkọ́kọ́ nawọ́. Obìnrin náà fi ọmọ owú fọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́. Ẹni kejì ta obìnrin náà nípàá níkùn, ó ṣubú. Ọ̀gá bá gbé ayùn lé itan alágbẹ̀dẹ. Oníwọ̀n fi ọwọ́ òsì fún un lọ́rùn, ó fi ọ̀tún gbá ojú ayùn mú. Ọ̀gá fà á, agbára rẹ̀ pọ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Ìka Oníwọ̀n méjì bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá wo àwọn ìka náà. Ó gbé ayùn kúrò lórí itan náà.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Kó kú síbẹ̀."

Alágbẹ̀dẹ ò kú. Ibà gbé e dè fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Oníwọ̀n ń sọ ibi tí wọn yóò ti gé ẹran tó jẹrà kúrò, ìyàwó rẹ̀ ń gé e. Ní oṣù kẹrin, alágbẹ̀dẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń tiro díẹ̀, ó ń bú gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dì í mú. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ẹwìrì rẹ̀ ṣe. Irin mẹ́fà ló kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà ogún, àwọn ṣójà sì ń gbé e lọ sójú ogun, wọ́n ń dè é mọ́ itan tó ṣẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹnikẹ́ni nílẹ̀. Ọ̀gá ò sì ní kí wọ́n yìnbọn fún ẹnikẹ́ni.

Oníwọ̀n ò lè di abẹ mú mọ́. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì sunkún lórí rẹ̀ ju bó ṣe sunkún ìka náà lọ. Ọ̀gá ò tọrọ àforíjì láé. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, Oníwọ̀n kọjá ní yàrá kan, ó rí ọkùnrin náà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi irin sí itan ṣójà kan, òógùn bò ó. Ó wọlé tọ̀ ọ́. Kò tíì dárí jì í.

"Kò tíì gùn tó," ó ní. "Ẹ fà á sí i."

Ọ̀gá ò yíjú padà. "Báyìí?"

"Ẹ ṣì fà á." Oníwọ̀n kúnlẹ̀ sí òdìkejì, ó fi ìka mẹ́ta tó kù di kókósẹ̀ náà mú, àwọn méjèèjì jọ ń fà á, ṣójà ń ké.